Iná Igbó Ti Sún Mọ́lé: Bí Ẹ Ṣe Máa Kó Ẹbí Yín Jáde Kí Ọ̀nà Tó Dí

Àwọn tí iná igbó ń pa nítòsí ilé wọn, púpọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn lọ. Wọ́n pẹ́ ni. Bàbá ní kí òun gun òrùlé lọ wo ibi tí iná dé, ìyá ń tú àpótí wá ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ọmọ ń sáré tẹ̀lé ológbò kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan sì wà lórí fóònù tó ń bi aládùúgbò bóyá àwọn náà ń lọ. Kí gbogbo wọn tó jókòó sínú ọkọ̀, èéfín ti bo títì, gbogbo àdúgbò sì ti tú sójú ọ̀nà kan náà. Ní Pedrógão Grande lórílẹ̀-èdè Potogí, ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, èèyàn 66 ló kú. Ojú ọ̀nà ni iná ti ká ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ níbi tí wọ́n ti ń sá lọ.

Ẹ ka ìtọ́sọ́nà yìí nígbà tí iná kankan kò tíì sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń gbọ́ òórùn èéfín báyìí, ẹ fo gbogbo ìyókù, kí ẹ bọ́ sí Ìpele Kẹta.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àpò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí ẹni náà lè dá gbé. Aṣọ àwọ̀pààrọ̀, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, tọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ tí kò nílò sísè.
- Omi mímu, lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, ti ọjọ́ mẹ́ta. Ó wúwo, nítorí náà inú ọkọ̀ ni kí ó máa gbé lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀.
- Oògùn ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n tí wọ́n ń lò sí. Awò ojú kejì fún ẹni tó ń lo awò.
- Ìwé ìrìnnà, ìwé ilé, ìwé ìgbéyàwó, ìwé adójútòfò, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn síbi tí ẹ ti lè rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Aṣọ ìsáná: ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn tí wọ́n fi òwú tàbí irun àgùntàn hun, bàtà aláwọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ìbòmú N95 (irú èyí tó lè sẹ́ èérún èéfín), awò tó bo ojú yíká.
- Kúbùsù onírun àgùntàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó máa wọ ọkọ̀.
- Rédíò oníbátìrì, bátìrì tí ẹ lè fi ṣáàjì fóònù, owó lọ́wọ́, àwòrán ojú ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé.
- Àgò àti okùn fún ẹran ọ̀sìn.
- Ọkọ̀ tí epo inú rẹ̀ kì í wálẹ̀ ju ìlàjì lọ títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi parí.

Ibi méjì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe nínú àkójọ yìí. Èkíní ni aṣọ. Náílọ́ọ̀nù àti pọliẹ́sítà, títí kan aṣọ eré ìdárayá tí gbogbo wa fẹ́ràn, máa ń yọ́ mọ́ni lára bí ooru bá kàn án. Èkejì ni aṣọ tútù tí wọ́n ń fi bo imú. Kò lè sẹ́ èérún èéfín tó kéré jọjọ, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́? Ìbòmú N95 àgbàlagbà kò lè dì mọ́ wọn lójú dáadáa. Ìdáàbòbò tiwọn ni pé kí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ kí èéfín tó dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ to gbogbo ẹrù sí ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ dé inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ẹ bá ní láti padà wá gbé, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìpele Kìíní: Ẹ fẹnu kò lórí ohun tó máa lé yín jáde

Ibi tí wákàtí tó ń ṣòfò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí ìdílé kò bá ti pinnu ṣáájú, ìjíròrò ni wọ́n máa ṣe nígbà tí iná bá dé, ìjíròrò sì dùn-ún fà gùn. Ẹ yan àmì kan tó hàn gbangba, tí kò nílò àríyànjiyàn: “Bí iná bá fò kọjá odò yẹn, a ti lọ nìyẹn.” “Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde pé ewu iná ti dé góńgó, ilé àbúrò mi la máa sùn.” Ẹbí tó bá ní ọmọ ọwọ́, aboyún, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ẹni tó ń lo àga onítáyà gbọ́dọ̀ lo àmì tó yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ní ibi púpọ̀, ipele mẹ́ta ni ìkìlọ̀ ìjọba máa ń ní. Èkíní ní kí ẹ máa múra. Èkejì ní kí ẹ wà ní sẹpẹ́, pé ìgbàkígbà ni ẹ lè gbéra. Ẹ̀kẹta ní kí ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wádìí orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbi tí ẹ ń gbé. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ kejì ni ó yẹ kí ìdílé tó lọ́mọ fi gbéra. Ẹni tó bá dúró de ẹ̀kẹta ti gbà láti bá gbogbo ìlú du ojú ọ̀nà.

Ìkìlọ̀ sì lè má dé rárá. Nígbà tí iná jó Lahaina ní Hawaii ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn fèrè ìkìlọ̀ tó wà níta kò dún. Òpó tó ń gbé fóònù lè jóná, iná mànàmáná lè lọ. Ojú yín àti imú yín náà jẹ́ ìkìlọ̀. Bí mọ̀jàlà bá ti ń já bọ́ sí àgbàlá yín, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí mọ̀jàlà tó ṣì ní iná lára lè fò ju kìlómítà kan lọ kó tó balẹ̀, kó sì tanná ran ibi tuntun lẹ́yìn yín.

Gbólóhùn tó ń pa ìdílé ni “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.” Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009, èèyàn 173 ni iná pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé tí wọ́n rò pé àwọn lè dúró tì. Ẹ yan ẹnì kan tó máa sọ pé “Ó tó,” kí ẹ sì yan ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ bí kò bá sí nílé. Bí ọkọ bá ní òun fẹ́ dúró ṣọ́lé, alẹ́ òní tí iná kò sí ni kí wọ́n ti jà á tán.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, ní ìkọ̀kọ̀, pé: “Kí ló máa mú ká lọ? Ta ló máa sọ ọ́?” Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ síra, ẹ kò tíì fẹnu kò.

Ìpele Kejì: Ọ̀nà méjì, ibi ìpàdé méjì

Ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà méjèèjì lójú ara yín, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóru. Ohun tí ẹ ń wá ni afárá tóóró, géètì tó lè tì, igbó tó bo ọ̀nà lórí, àti òpópónà tí kò já síbì kan. Ní Mati nílẹ̀ Gíríìsì, oṣù Keje ọdún 2018, àwọn tó ń sá lọ sí etíkun bá ara wọn níwájú ògiri àti bèbè gíga níbi tí wọ́n rò pé ọ̀nà wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá iná náà lọ.

Ẹ má fi fóònù nìkan ṣe atọ́nà. Àwòrán ojú ọ̀nà orí fóònù máa ń wá ibi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ibi tí iná ń jó sì ni ọkọ̀ kì í pọ̀ sí. Ní Los Angeles ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá ní láti bẹ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé e, nítorí ó ń tọ́ wọn sí àdúgbò tó ń jó.

Ibi ìpàdé kan kí ó wà nítòsí, èkejì kí ó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ yan mọ̀lẹ́bí kan tó ń gbé níbi tó jìn, tí gbogbo yín máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí bí ẹ bá pínyà. Nọ́ńbà rẹ̀ kí ó wà lórí ìwé nínú àpò ọmọ. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n máa kó àwọn ọmọ lọ bí iná bá bẹ́ sílẹ̀ lásìkò ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òbí tó sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kó ọmọ kúrò níbẹ̀ ti wọ ẹnu iná lásán.

Ẹ kò ní ọkọ̀? Ẹ bá aládùúgbò méjì sọ̀rọ̀ báyìí, ẹyọ kan kò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bí wọ́n bá ní ìwé tí arúgbó àti aláìsàn lè forúkọ sílẹ̀ sí kí wọ́n lè wá gbé wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi aago ṣe ìdánrawò, láti ìgbà tí ẹnì kan bá ti sọ pé “Ó tó” títí tí ọkọ̀ fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá gbà yín ju 20 ìṣẹ́jú lọ, ẹrù yín ti pọ̀ jù tàbí pé ẹ kò tíì pín iṣẹ́ láàárín ara yín. Ìgbà àkọ́kọ́ máa rí rúdurùdu. Ẹ tún un ṣe lóru, nígbà tí oorun ṣì wà lójú gbogbo yín.

Ìpele Kẹta: Wákàtí tó kẹ́yìn nínú ilé

Bí a ṣe to àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Bí àkókò bá tán níbikíbi, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, kí ẹ máa lọ.

1. *Èèyàn.* Gbogbo wọn kí wọ́n wọ aṣọ ìsáná (ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù òwú alápá gígùn, bàtà aláwọ, ìbòmú), bí ooru bá tilẹ̀ ń mú. Ẹni tó lọ́ra jù lọ ló máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀: màmá àgbà, ọmọ ọwọ́, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ mímí. Ẹ má ṣe fi wọ́n kẹ́yìn pé wọn kò ní pẹ́ jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn gan-an ló máa ń dá ìrìn dúró.

2. *Ẹran ọ̀sìn.* Kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ẹ ti ológbò àti ajá mọ́ yàrá kékeré kan, kí ẹ wá fi wọ́n sínú àgò láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn èéfín, ibi tí ọwọ́ kò tó ni wọ́n ń sá lọ. Ẹṣin àti màlúù ní láti ti kúrò tipẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe mọ́, ẹ kó wọn sí ilẹ̀ tí koríko kò sí, ẹ má so wọ́n mọ́lẹ̀.

3. *Ọkọ̀.* Ẹ dojú rẹ̀ kọ títì, ẹ pa gbogbo wíńdò rẹ̀ dé, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ó bá wà nínú gáréèjì tó ń fi iná mànàmáná ṣí, ẹ gbé e jáde nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà. Àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí máa ń ní okùn kan lókè tí ẹ lè fà kí ẹ fi ọwọ́ ṣí i. Nínú iná tó jó àríwá California lọ́dún 2017, ilẹ̀kùn gáréèjì kọ̀ láti ṣí fún àwọn àgbàlagbà kan nígbà tí iná mànàmáná lọ, ìpínlẹ̀ náà sì ṣòfin lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ ní bátìrì. Ẹ dán okùn yẹn wò lónìí.

4. *Inú ilé, bí àyè bá ṣì wà.* Ẹ pa fèrèsé àti gbogbo ilẹ̀kùn dé, títí kan ti yàrá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má ti wọ́n pa, kí panápaná lè wọlé. Ẹ já kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ́ àga tìmùtìmù wá sí àárín yàrá. Ẹ pa gáàsì láti orísun, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Gílóòbù kan tàbí méjì kí ó máa tàn, nítorí nínú èéfín, òun ló ń jẹ́ kí panápaná rí i pé ilé wà níbẹ̀.

5. *Ìta, bí àyè bá tún ṣẹ́ kù.* Ẹ gbé àga, ẹní, igi ìdáná àti ohunkóhun tó lè gbiná kúrò lára ògiri. Ẹ fi àkàbà ti ara ilé níbi tó hàn, kí ẹ so róbà omi mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pa omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí omi sílẹ̀ kó máa rọ sórí òrùlé bí wọ́n ti ń lọ, inú wọn á sì dùn pé àwọn ti gbọ́n. Bí ogún ilé bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbára omi á wálẹ̀, panápaná tó dé lẹ́yìn yín á sì rí i pé omi inú páìpù kò tó nǹkan mọ́.

Ibí yìí náà ni ọwọ́ ti ń ṣe kánjúkánjú wá ohun tí kò sí nínú àpò: ìlẹ̀kẹ̀ ìyá, fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ kọ ohun márùn-ún péré sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wá a. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí awakọ̀ tó gbéra, kí ó pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sókè, kí olúkúlùkù sì jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. “Gbogbo wa ti wà níbí” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ìta: a ti lọ, aago báyìí, ibi báyìí la ń lọ.

Ìpele Kẹrin: Lójú ọ̀nà

Ẹ tan iná ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kódà lọ́sàn-án gangan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ máa yí láàárín ara rẹ̀, kí ti ìta má wọlé. Bí ẹ bá lè wọ ọkọ̀ kan, ẹ má gbé méjì jáde. Ìfẹ́ láti má fi mọ́tò kejì sílẹ̀ wà lára ohun tó ń di títì pa. Nígbà tí iná jó Paradise ní California ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà díẹ̀ tó jáde nílùú náà; èèyàn 85 ló kú nínú iná ọ̀hún.

Ẹ má sá gòkè. Iná máa ń sáré gan-an lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè: bí ilẹ̀ bá fi dígírì 10 yọ sókè, eré iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ má kọjá ibi tí ọlọ́pàá bá dí, ẹ má dúró ya fídíò. Ohun tí ẹ gbàgbé sílé ti di ìgbàgbé.

Bí iná bá wá ká yín mọ́ ńkọ́? Ẹ má jáde kúrò nínú ọkọ̀ láti fi ẹsẹ̀ sáré. Ooru ń pa èèyàn kí ọwọ́ iná tó kàn án, irin ọkọ̀ sì lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ sára. Ẹ wá ibi tí ewéko kò sí, ẹ dúró, ẹ pa wíńdò àti ihò afẹ́fẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí iná iwájú ọkọ̀ máa tàn. Ẹ dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ ọkọ̀, kí orí yín wà nísàlẹ̀ gíláàsì, ẹ fi kúbùsù irun àgùntàn bo ara, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ariwo á wà, èéfín díẹ̀ á wọlé, ara á gbóná. Ẹ má ṣílẹ̀kùn títí ojú iná yóò fi kọjá lọ tí ooru ìta yóò sì rọlẹ̀.

Bó bá jẹ́ inú ilé ló ká yín mọ́, ẹ wà pa pọ̀ ní yàrá tó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tí iná ti ń bọ̀, tó sì ní ibi tí ẹ lè gbà jáde. Ẹ pọn omi sínú korobá àti báàfù, ẹ jìnnà sí ògiri ìta àti fèrèsé. Bí ilé bá gbiná, orí ilẹ̀ tó ti jó tán ni kí ẹ jáde sí. Ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ kí ó wá kòtò tàbí ilẹ̀ gbalasa, kí ó dojú bolẹ̀, kí ó bo ara.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ẹ bá dé ibi ìpàdé, ẹ tún pe orúkọ. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí yẹn dípò kí ẹ máa pè é, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọlé nígbà tí ìpè kò bá lọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó ààbò bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní sùn níbẹ̀, kí panápaná má baà máa wá yín nínú eérú.

Ìpele Karùn-ún: Kí ẹ tó padà wọlé

Ìgbà tí ìjọba bá ní ó yá ni kí ẹ padà. Àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbòǹgbò igi lè máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹsẹ̀ á kàn rì sínú ẹyin iná ni. Ẹ máa wòkè fún igi tó fẹ́ wó, ẹ máa wolẹ̀ fún wáyà iná tó já. Ẹ wọ ìbòmú N95, ìbọ̀wọ́ àti bàtà líle, ẹ wọ́n omi sí eérú kí ẹ tó kó o. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tó bàjẹ́ fún iléeṣẹ́ adójútòfò kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ tó bá ti gbóná tàbí tó gba èéfín sára, ẹ dà á nù, kí ẹ má sì ṣí gáàsì fúnra yín.

Ẹ béèrè nípa omi ẹ̀rọ kí ẹ tó mu ún tàbí kí ẹ fi wẹ ọmọ. Lẹ́yìn iná Santa Rosa ní California lọ́dún 2017 àti ti Paradise lọ́dún 2018, wọ́n rí kẹ́míkà benzene nínú páìpù omi. Sísè omi kì í mú un kúrò. Omi inú ike ni kí ẹ lò títí wọn yóò fi yẹ ti ẹ̀rọ wò, tí wọn yóò sì sọ fún yín pé ó ti dára.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ yí ilé po, ẹ wo àjà, abẹ́ òrùlé àti abẹ́ àtẹ̀gùn onípákó, bóyá ẹyin iná kan ṣì ń rú èéfín níbẹ̀. Ẹ tún un wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí ẹ sì tún un wò kí ẹ tó sùn.